Kò Tíì Dìde

Èmi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí ni mò ń fá, ọjọ́ Sọ́ńdè gan-an sì ni oníbàárà máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, nítorí náà kò sí ariwo tí wọ́n pa lọ́hùn-ún tí etí mi ò jẹ nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi wà láàárín wọn. Alágídí ni mo máa ń pè é, kì í sì í ṣe eré ni mo fi ń ṣe.

Obìnrin aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ló ń kọ́ wọn. Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Eré kan ló kọ́ wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ládùúgbò. Ọmọ kan á ṣubú gbì, àwọn tó kù á sáré yí i ká, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á wá figbe ta: "Tiwa ni." Òfin ibẹ̀ ò pọ̀. A kì í béèrè ohun tí ẹni tó ṣubú ṣe. A kì í sì í jọ̀wọ́ ẹnìkejì wa títí Àǹtí yóò fi sọ pé, "Ó ti dìde." Nígbà kan ó jáde lọ mumi, ó gbàgbé wọn síbẹ̀. Ó padà wá bá wọn lórí ìdúró, òógùn ti bò wọ́n. Mo ní irú ìyà wo rèé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìsìn ò tíì parí tí wọ́n fi mú olè níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí. Ó ti fọ́ àgádágodo, ó ti gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé e, ó jù ú sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kán sí méjì lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń bù mọ́ ọn, wọ́n sì ń bù kúrò. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi gbá a ní pákó lójúgun, mo sì gbọ́ bí egungun náà ṣe kán láti ẹnu ọ̀nà mi. Nígbà tó ṣubú, alápatà àdúgbò wa gun ikùn rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnu tó fi ń bẹ̀bẹ̀ náà ni wọ́n ń tàpá sí, títí eyín fi dà sílẹ̀. "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun," ni alápatà ń wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka ẹran fún oníbàárà. Ẹni tí mò ń fá orí fún lọ́wọ́ fò dìde lórí àga, a-fápákan-dápákan-sí, ó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó sì dà á sí olè náà lára.

Àǹtí wá jáde láti yàrá àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó wo ẹ̀rọ náà nílẹ̀. Ó mú irin tó fi ń há ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ mọ́ olè náà lójú. Ojú òsì fọ́. Mo rí i. Ó tún gbé irin náà sókè.

Àsìkò yẹn làwọn ọmọ dé. Wọ́n ti tẹ̀ lé e jáde, wọ́n rí ẹni tó ṣubú. Wọ́n gba abẹ́ apá àwọn àgbàlagbà kọjá, wọ́n di ọwọ́ mú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. "Tiwa ni." Irin Àǹtí dúró lókè. Pákó mẹkáníìkì ní tirẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, iwájú orí Alágídí ló bà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo aṣọ funfun rẹ̀. Kò jọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ló já ọmọ tirẹ̀ gbà sá lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀.

"Jáde níbẹ̀," ni mo wí.

"Àǹtí ò tíì sọ pé ó ti dìde, bàámi."

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ẹ."

"Mo mọ̀."

Oníbàárà mi ti ṣá ìṣáná. Mo kọjú sí Àǹtí. "Ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n gbé ọmọ mi."

"Ẹ sọ ọ́, Àǹtí," ni alápatà náà wí, "káwọn ọmọ kúrò lọ́nà. Torí ẹ̀rọ tiyín la ṣe ń jà."

Gbogbo wa la mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Tó bá ti sọ ọ́, àwọn ọmọ á tú ká, olè á jóná. Mo sì fẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n olè yẹn kì í ṣe ọmọ mi.

Àǹtí ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó wo olè náà tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbéra, tó tún ń ṣubú. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò tíì dìde," ló wí. "Ẹ má jọ̀wọ́ ara yín."

Mẹkáníìkì gbá a létí, ó wólẹ̀. Alágídí na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi.

"Ẹ wá dí i, bàámi. Ibí ṣí sílẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ni kí n ṣe? Òórùn bẹntiróòlù gba imú mi, mo ń gbọ́ èémí olè náà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Mo wo oníbàárà mi àti iná ọwọ́ rẹ̀.

"Tóo bá ju iná yẹn," ni mo wí, "ta ló máa fá apá kejì fún ẹ?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó sì fẹ́ iná náà pa. Inú bí alápatà. Ó ju òkúta kan, ó bà mí lẹ́nu, eyín iwájú mi kan bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò ju òmíràn mọ́. Bí a ṣe yí olè náà ká, tí Àǹtí gbé e kọ́ ẹ̀yìn, la ṣe rìn dé ilé ìwòsàn. Ó yè é, olójú kan.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ariwo kankan láti ẹ̀yìn ògiri. Mo lọ yọjú. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló nà gbalaja sí àárín yàrá, bí ẹni tó ṣubú nínú eré náà. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ògiri, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ti rí irin yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé tiwa ni òun náà?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"A kì í béèrè," ni Alágídí dáhùn, tòun ti báńdéèjì lórí. Ó lọ kọ ẹ̀yìn sí Àǹtí, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń wo àwọn tó kù. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mira.