Ilẹ̀ Tí Mo Mọ Ààlà Rẹ̀

Àbí kí n sọ pé mo ti gbàgbé? Ta ni yóò bi ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin léèrè pé kí ló dé tó fi gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà ní géńdé? Wọ́n á kàn ní ọjọ́ ogbó ti dé sí bàbá. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó. Ẹjọ́ á sì yí síbi tó bá yí sí… Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Gbogbo nǹkan yòókù ni mò ń gbàgbé — ibi tí mo fi awò ojú mi sí, orúkọ ọmọ tí wọ́n sọ níwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá — àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan.

Wọn kò tí ì pè wá. Tọkọtaya kan ló wà nínú kóòtù lọ́hùn-ún tí wọ́n fẹ́ kọ ara wọn, ohùn obìnrin náà ń gba ojú fèrèsé bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alùfáà Súnkànmí, fíkà wa, jókòó sápá ọ̀tún mi, ó ń ka nǹkan lórí fóònù. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ méjì wà lápá òsì. Lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí wa, Alhaji Zubair ni, òun àti Afeezat ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí a dé láàárọ̀, ó ní, “Akínbọ́lá, ṣé ilé le?” Mo ní ilé le, a dúpẹ́. Bó ti parí síbẹ̀ nìyẹn. Èmi àti ẹni tí a jọ kọ́ A, B, D lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé wa wá. Ọdún márùndínláàádọ́ta rèé tí ìjọ wa ní Japara ti ń lò ó. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń sáré níbẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣe bàsá ìkórè. Lọ́dún tó kọjá a gbẹ́ ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn síbẹ̀. Zubair dé, ó ní ilẹ̀ ìyá òun ni, ó kàn yá wa lò ni. A ní kó mú ìwé wá. Kò ní ìwé. Àwa náà kò ní. Ìgbìmọ̀ ìjọ bá jókòó lé e lórí, gbogbo ojú sì yí sí èmi wọ́dìn wọn. “Ọmọ kátíkíìsì àgbà ni Bàbá Akínbọ́lá, wọ́n mọ ààlà. Ilẹ̀ wa dé odò, àbí kò dé odò, sà?”

Mo mi orí pé ó dé.

N kò sọ̀rọ̀ kankan. Orí ni mo mì, ẹnu kọ́. Bí ẹni pé bí mo bá dé iwájú ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ́n á ya orí sọ́tọ̀, wọ́n á ya ẹnu sọ́tọ̀, wọ́n á wá dá ẹnu láre… Ẹni tó ti lo ogójì ọdún nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó mi orí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni dé. Bàbá mi, Kátíkíìsì Zechariah, ní kí n tẹ̀lé òun lọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Asimawu tó bí Zubair ti ń dúró dè wá níbẹ̀, òórùn obì wà lára aṣọ rẹ̀, nítorí obì ló ń tà. Zubair wà ní Kano nígbà náà. Ìyá náà fọwọ́ ba pèrègún tó wà níbẹ̀. Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ló fi ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Ó ní láti ìdí pèrègún náà lọ sódò, tòun ni, bàbá òun ló fún òun. Ó ní àwọn ọmọ wa kò ríbi ṣeré. “Ẹ máa lò ó. N kò tà á, n kò sì fi tọrẹ. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá béèrè rẹ̀, kí ẹ dá a padà fún un.” Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní, “Ìyá, Ọlọ́run gbọ́.” Ó bá yíjú sí mi. “Ìwọ náà gbọ́?”

Mo gbọ́, sà.

Mo gbọ́. Àwọn méjèèjì ti kú. Kátápílà tó wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti hú pèrègún náà dànù. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ mọ́ lókè eèpẹ̀ àfi èmi. Zubair kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nìkan ló dì mú wá síbí.

Orúkọ bàbá mi ni wọ́n sì fẹ́ fi pe gbọ̀ngàn náà. Gbọ̀ngàn Ìrántí Kátíkíìsì Zechariah. Níkẹ́ aya mi ti ń fi í kọrin. Òun ló ṣáájú Ẹgbẹ́ Ìyá tí wọ́n fi orí ru iyanrìn. “Bàbá Ìtùnú, orúkọ bàbá yín á wà lára ògiri, ọmọ-ọmọ á kà á.” Ó dùn mọ́ mi bí oyin. Mo jẹ oyin náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ ẹ́…

Kì í ṣe àwọn ará ìjọ ló tì mí. Ohun tí kò jẹ́ kí n rí ẹni dá lẹ́bi nìyẹn. Nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, Alùfáà ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè àwọn adájọ́ dà yín láàmú. Ohun tí ẹ mọ̀ gan-an ni kí ẹ sọ.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ẹ̀tàn. Ó gbà pé ilẹ̀ wa ni. Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́.

Ìbéèrè Ìtùnúolúwa ló wá da omi wọlé. Ọmọ wa obìnrin, ó ń ṣe oyè kejì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó wálé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń bá mi ṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó kàn dédé ní, “Dádì, ọjọ́ wo gan-an lẹ gba Jésù gbọ́?” Mo ní inú ìgbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ó ní, “Inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí yín sí, sà. Ìyẹn yàtọ̀.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó bu omi wá. Ó bu omi wá. Mo fi omi náà ṣan ẹ̀fọ́.

Látìgbà náà ni mo ti ń wá ọjọ́ yẹn kiri. Ìrìbọmi? Wọ́n gbé mi dání ni. Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé mi lórí? Bàtà tuntun tó ń há mi lẹ́sẹ̀ nìkan ni mo rántí. Ẹgbẹ́ akọrin — Níkẹ́ ló wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, mo bá rí i pé mo ní ohùn. Wọ́dìn — ọmọ bàbá mi ni mí, ta ni wọn ì bá fi ṣe é? Àdúrà àárọ̀ ńkọ́? Bí ẹní bọ́jú ni. Mo wá gbogbo ilé, n kò rí ìgbàgbọ́ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi rà. Bàbá mi ló gbìn ín, ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún mi bí oko kòkó…

Ọdún tí Olúwajùwọ́nlọ kú sì tún wà níbẹ̀. Àkọ́bí wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ibà ọjọ́ mẹ́rin. Oṣù méje gbáko ni n kò lè gbàdúrà. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń jókòó, mo ń wo àjà. Ẹni tó ní gbòǹgbò, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe?

Obìnrin inú kóòtù ti dákẹ́. Wọn kò ní í pẹ́ pè wá mọ́.

Ilẹ̀ wa dé odò. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Láti àná ni mo ti ń kọ́ ọ bí ọmọ tó ní àkọ́sórí. Mo sọ ọ́ ní balùwẹ̀. Ilẹ̀ wa — ó dúró. Mo sọ ọ́ nínú ọkọ̀, nínú ikùn mi. Ilẹ̀ wa dé… ó dúró. Ẹnu tó ti ka ìwé wòlíì tí orúkọ wọn gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, kò lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo.

Kí ló dì í mú?

Ẹ̀rù ìbúra ni? Rárá. Àwọn tó di Bíbélì mú tí wọ́n parọ́, tí wọ́n sì sanra lé e lórí, mo mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rù kí àṣírí má tú? Ta ni yóò tú u? Àwọn tó mọ̀ wà nínú ilẹ̀. Ìfẹ́ Zubair, àbí? Zubair! Ẹni tó dìde nípàdé àwọn onílé, tó pè mí ní tíṣà tí kò mọ ìṣirò, tí gbogbo Japara sì rẹ́rìn-ín? Ọdún kọkànlá rèé tí n kò jẹ ẹran Iléyá rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, n kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ bàbá mi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ irọ́ ló wà, wọ́n ti fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri. Iyì mi nínú ìjọ? Ọ̀dọ̀ irọ́. Ayọ̀ Níkẹ́? Ibẹ̀ náà ni. Ìjókòó mi níwájú, ipò wọ́dìn, àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́yìn ìsìn…

Dúró ná.

Gbogbo wọn ló wà lọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí mo rò pé òun ni ìgbàgbọ́ mi, gbogbo ohun tí mo jogún, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fà mí: sọ pé ó dé odò, Akínbọ́lá, sọ ọ́. Èmi sì rèé, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi gbogbo ara fẹ́ ẹ. N kò sì lè sọ ọ́.

Nígbà náà, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhín tó ń fà mí?

Bí ẹní ń tú ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀bìrìpò kókò ni mo ti ń tú ara mi láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ti bi mí. Mo tú bàbá mi kúrò, mo tú akọrin kúrò, mo tú wọ́dìn kúrò. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé bí mo bá tú ewé ìkẹyìn, n kò ní bá nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan wà níbẹ̀. Kì í ṣe bàbá mi, nítorí kò dún bí ohùn bàbá mi. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sì yẹ̀.

Oṣù méje yẹn… Ta ló ń gbé mi lọ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Níkẹ́ pàápàá ní kí n sinmi nílé. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run, mo sì ń wọ bàtà, mo ń lọ jókòó síwájú Rẹ̀ kí n lè bínú níbi tí Ó ti máa rí mi. Ta lèèyàn ń bínú sí bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó dá a lójú pé ó wà? Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń ka oṣù méje yẹn mọ́ gbèsè. Òun gan-an ni àdúrà tó jinlẹ̀ jù tí mo tíì gbà.

N kò mọ ọjọ́ náà, Ìtùnú. N kò ní í mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Orí tí mo mì wá ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. N kò ní í fún un ní orúkọ míì. Màá sọ ìyẹn náà níwájú wọn, màá ní mo mọ̀, mo sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn méjì tó wà lápá òsì mi yìí kò ní í bá mi wọ ọkọ̀ padà. Alùfáà á bọ́ awò ojú, á máa nù ún, bó ti ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Níkẹ́ — hà, Níkẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá kó tó sọ ju “oúnjẹ wà lórí tábìlì” lọ. Zubair pàápàá lè má dúpẹ́. Kó má dúpẹ́. Kì í ṣe nítorí rẹ̀.

Àyà mi ń fúyẹ́. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ bọ́, àṣé ẹ̀rín ni. Mo di ẹnu mi mú. Alùfáà gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí rárá, sà. Kò sí nǹkan kan. Ọdún wo ni mo ti sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Tọkọtaya náà ti jáde, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀wé kóòtù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ mi, ó fi orúkọ ẹ̀yìn ṣáájú ti iwájú. Mo dìde. Orúnkún ń dùn mí bó ti máa ń dùn mí. Bẹ́ǹṣì wà níbi tó wà, Zubair wà níbi tó wà, odò sì ń ṣàn ní Japara láìmọ ẹni tó ni bèbè rẹ̀.

Mo gbà Á gbọ́. Ẹ wò ó bí ó ti rọrùn tó lẹ́nu… Èmi, Akínbọ́lá, mo gbà Á gbọ́.