Yayan Ti Wọlé

"Kà á sókè, kí n gbọ́," ni ọ̀gá Sutisna wí.

Euis kò fẹ́ kà á. Ẹ̀rọ tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn kan ní Bandung ló wà níwájú wọn lórí tábìlì. Àwọn nọ́ọ̀sì ló dá a padà láàárọ̀ fún iléeṣẹ́ wọn tó ṣe é, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Béèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ funfun kan á yọ lójú rẹ̀.

"Yayan masuk," ni Euis kà.

Yayan ti wọlé. Ta ni èdè yẹn ò yé ní Bandung?

"Yayan tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá," ni Sutisna wí, "tó lọ bá àwọn tó ń bá wa du oníbàárà ní Cimahi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Tí mo bá ti kírun Àláásárì tán, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń lọ."

"Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò ná, ọ̀gá."

Ká sòótọ́, Euis náà ń fura. Lọ́jọ́ tí Yayan ń lọ, ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín, bí ẹni tó mọ nǹkan tí ẹlòmíì ò mọ̀. Òun ló kọ apá tó ń darí bébà tí nọ́ńbà ń jáde sí nínú kẹ́nẹ́lì, ìyẹn ọkàn Línúsì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé gbogbo ẹ̀rọ náà ró. Euis wá tún kẹ́nẹ́lì ọ̀hún kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ̀rọ lè tètè máa jí. Ta ló mọ ohun tí ọmọ yẹn ti rì mọ́ inú rẹ̀?

Ó yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́. Yayan tún wọlé. Ẹni tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́, ibo ló ń gbà wọlé? Ló bá pè é.

"Yayan, kí lo fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ wa?"

"Ẹ̀gbọ́n Euis, ẹ ò tiẹ̀ kí mi."

"Mi ò pè ọ́ láti kí ọ. Yayan masuk, Yayan masuk, ohun tó ń kọ nìyẹn. Irú olè wo ló ń kígbe orúkọ ara rẹ̀?"

Àfi bí Yayan ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà kì í kọ masuk tẹ́ ẹ bá ń dán iṣẹ́ wò ni? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń dé ibi bébà ni mo ṣe ní kó máa kọ ọ́ pé mo ti wọlé. Mo gbàgbé láti pa á rẹ́."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́ látijọ́?"

"A ti ní kí kẹ́nẹ́lì àtijọ́ máa pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́nú. Ta ló kọ́ tuntun?"

Euis ṣí ètò tó fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń sọ fún kẹ́nẹ́lì pé kó panu mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Òun ló gbàgbé ẹ̀. Ó dá a padà, ó tún un kọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ mọ́ tónítóní.

Sutisna ti ibi ìrun dé, òun náà tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti gbọ́ pé à ń bọ̀, ló bá sá," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. "Kò tíì sá tó."

Bí Euis bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe ti wá. Yayan ni ọlọ́pàá á wá mú.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ mu tíì."

Ó yọ ọ̀rọ̀ ìpanumọ́ yẹn kúrò. Ó wá ibi tí Yayan kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó pa á rẹ́, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó tún kẹ́nẹ́lì kọ́. Sutisna ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ayédèrú ọjà fún. Nígbà tó parí, Euis gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́bàá ògiri, ó káwọ́ lé itan.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Sutisna tẹ̀ ẹ́. *Euis masuk.*

"Ìwọ náà?"

"Èmi rèé, ọ̀gá, ọwọ́ mi nìyí. Ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán ni ti Yayan náà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ kẹ́nẹ́lì tí ò lè pa á mọ́nú."

Sutisna tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Euis ń wọlé ṣáá.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó yá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. "Pe àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Ìwọ ni wàá fẹnu ara ẹ sọ fún wọn."