Abẹ́rẹ́ Ọ̀fìnkìn Tí Ọkọ Mi Gbà Sí Àyà

Ẹ̀rùòbàmí ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹrù kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló ń ṣọ́, pálí òfìfo ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń ròyìn iṣẹ́ náà, ẹ ó rò pé ibodè ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo máa ń dákẹ́. Aṣọ ni mo ń bá àwọn èèyàn lọ̀, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rù ọkọ mi ń bà mí, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí, ẹ̀rù àwọn tó kàwé pàápàá ń bà mí.

Ohun tó gbé wa dé ilé-ìwòsàn àdúgbò ni ọmọ-ọmọ wa. Oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n fi bí i. Tó bá ń mí, ẹ ó rò pé ó yá èémí náà lò ni. Dókítà ti sọ fún ọmọbìnrin wa pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà kò tíì gbó, pé ọ̀fìnkìn tí àgbàlagbà ń fi ṣeré lè gbé e lọ. Ọmọ wa pè wá lórí fóònù.

"Dádì, Màámi, ẹ má bínú o. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn kò ní gbé e."

"Èmi?" ni ọkọ mi wí. "Èmi tí mo bí ọ?"

"Ẹ̀yin náà, Dádì."

Ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ló ń jẹ́ abẹ́rẹ́, pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gún òun títí ọwọ́ á fi ro wọ́n.

Ẹ wá wo ilé-ìwòsàn ọ̀hún. Àga oníke tí wọ́n so mọ́ra bí ẹlẹ́wọ̀n. Fáànù tó ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì, èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí. Ihò tó wà lára gíláàsì náà kéré, ohùn kì í gbà á kọjá, nítorí náà kò sí ẹni tó máa débẹ̀ tí kò ní pariwo àrùn rẹ̀.

"Ibo ló ń dùn yín? Ìdí? Ẹ ní ìdí?"

Gbogbo yàrá á yíjú sí ìdí onítọ̀hún. Obìnrin yìí á tún wá sọ pé, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, ilé-ìwòsàn nìyí." Olórí òmùgọ̀. Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o. Ohun tí ẹnu mi sọ ni, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ìṣe kan. Bó bá ti fúnni lábẹ́rẹ́ tán, á lẹ sítíkà róbótó mọ́ apá aṣọ ẹni, lókè ibi tó gún gan-an, kí ẹlòmíràn má baà gbáni níbẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń jáde, wọ́n á yọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Apá aṣọ ni ti gbogbo wọn wà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò yá, ojú rẹ̀ kì í sinmi.

Ọkọ mi ń ròyìn ara rẹ̀ fún télọ̀ kan tó jókòó tì í. Ó ní lọ́jọ́ tí ìgò gé òun lẹ́sẹ̀, ojú òun ni wọ́n ṣe rán an, tí òun ń kọrin.

"Ẹ bá mi gba tèmi mọ́ tiyín nígbà náà, Bàbá," ni télọ̀ wí. "Èmi, abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ranṣọ gan-an, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ tọ̀, ó padà wá jókòó.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Ṣé á dùn mí?" ni mo bi nọ́ọ̀sì.

"Díẹ̀ ni, Màmá. Ẹ máa wo ògiri."

Mo wo ògiri. Wọ́n ya ẹ̀dọ̀fóró síbẹ̀, méjì, pupa. Mo ń ronú bí ti ọmọ yẹn á ṣe kéré tó. Kí n tó mọ̀, nọ́ọ̀sì ti ń lẹ sítíkà mọ́ mi. Ṣé òun náà nìyẹn? Ẹ̀fọn ń jẹni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo jáde, àga ọkọ mi ti ṣófo.

"Bàbá tún lọ tọ̀," ni télọ̀ wí. "Omi pọ̀ nínú akíkanjú."

Obìnrin inú gíláàsì pè é títí, kò jẹ́. Ó pe ẹlòmíràn. Ìgbà tó yá, ọkọ mi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe láti yàrá nọ́ọ̀sì. Sítíkà wà lára rẹ̀. Àyà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí àmì-ẹ̀yẹ ológun. Etí sítíkà náà kan ti ká, irun funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọn, irun ẹni ẹlẹ́ni.

"Mo ti gbà á," ló wí. "Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó wọlé."

Télọ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Àyà ni wọ́n ti gún tiyín, Bàbá?"

"Ọkùnrin tó bá le, àyà ni wọ́n ń gún un."

Nọ́ọ̀sì wà nítòsí. Ǹ bá sọ fún un. "Ẹ kú iṣẹ́, mà" ni mo sọ.

Ọkọ mi ṣáájú mi lójú ọ̀nà. Ó sín, ó fọwọ́ nu imú, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ń rí mi lára. Kì í ṣe torí pé ẹ̀rù bà á o. Ẹ̀rù ba èmi náà, mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde. Òun, inú garawa ìdọ̀tí ló ti lọ ṣa ìgboyà, ó sì fẹ́ kí ọmọ-ọwọ́ bá òun san án.

Ọmọ wa ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn. "Ẹ ti gbà á?"

Ọkọ mi lu àyà. "Ṣé o ò rí i ni? Gbé ọmọ-ọmọ mi fún mi."

Ọmọ wa kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé ọmọ náà sókè. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ lọ, mo bá ara mi láàárín wọn.

"Má gbé e fún wọn. Wọn ò gbà á."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ò gbà á. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kó rí ojú abẹ́rẹ́."

"Ìwọ obìnrin yìí! Níwájú ọmọ mi?"

Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo dijú. Mi ò kúrò níbẹ̀.

"Dádì," ni ọmọ wa wí, jẹ́jẹ́, "ẹ ká a sókè."

Mo lajú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó fi họ orí. Ó wo ọmọ, ó wò mí.

"Ooru ti pọ̀ jù níbí," ló wí, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde, ó ti rí aládùúgbò kan mú. Ó ń sọ fún un pé àwọn obìnrin ìsinsìnyí kò mọ ọmọ tọ́jú, pé ojo ni gbogbo wọn.

Ọmọ wa gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ gbé e."

"Jẹ́ kí n jókòó."

Mo jókòó. Ọmọ náà mí sí mi lọ́rùn, díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

Mi ò ní kó má tì í.