Eré Tí Ọkọ̀ Kò Tíì Ní

Obìnrin kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ kò sí, ilé wá dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú ilé ìdáná. Nígbà tí ibi iṣẹ́ ní àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó sàn ju kéèyàn máa wo ògiri lọ.

Ìṣirò kan tí olùkọ́ fún wọn ní kíláàsì ló fẹ́ dá a dúró. Ọkọ̀ gbéra láti ojú kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mítà méjì ń kún eré rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, báwo ló ṣe rìn jìnnà tó? Eré ti di ogún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, obìnrin náà fi mẹ́wàá sọ ogún di púpọ̀, ó kọ igba. Olùkọ́ fagi lé e. Ó tún un ṣe, igba náà ló tún bọ́ sí.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìṣirò wo tún nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà.”

Kò pè.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó, ó ń wo ọkọ̀ kan tó ń lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, arúgbó lè bá a rìn; nígbà tó yá, ó fò lọ. Ó wá yé e. Ọkọ̀ yìí kò ní ogún látìbẹ̀rẹ̀! Òdo ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ̀yìn ló tó kan ogún. Àárín méjèèjì ni mẹ́wàá. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún mítà!

“Ṣé ẹ rí i?” ló wí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Báàgì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìṣirò náà han olùkọ́, olùkọ́ bi í pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ fi pín ogún sí méjì?”

“Ọ̀gá, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Eré tí ọkọ̀ kò tíì ní, ẹ má kà á mọ́ ọn lọ́wọ́.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó yege.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá wakọ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ó tú ìjánu ọkọ̀, ilẹ̀ ń sá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà kíákíá. Ọ̀nà náà dùn ún wò. Nígbà tó gúnlẹ̀, àwọn èrò ń kọjá láìwojú rẹ̀, àfi bàbá kan tó juwọ́ sí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o!”

“Ẹ ṣeun, bàbá.” Látàárọ̀, bàbá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí i.