Fítámìn Inú Ẹmu

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2001, fítámìn Kọ́ládé tán. Ó mi ike oògùn náà sétí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́, eruku díẹ̀ ló jábọ́, ó sì fi ahọ́n lá a mọ́ tónítóní.

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín, Bàbá Ṣèyí," Àníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ láti ìdí ààrò. "Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kó fún yín ní òmíràn. Ẹ ò wá níí jẹ ẹ̀kọ yìí ná?"

Kò jẹ ẹ̀kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, kò sí àárọ̀ kan tí kò gbé hóró kan mì. Ọtí ló gbé e débẹ̀. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Dókítà ní ọtí ti dá egbò sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ti kó gbogbo ohun tó ń gbé ara ró lọ. Ó fún un ní fítámìn, ó ní kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kán ọtí kan kan ẹnu mọ́, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe pupa. Nígbà tí wọ́n bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní àgbẹ̀ ni òun. Kò sọ fún wọn pé ọ̀pẹ ni òun ń gùn, pé ẹmu ni òun ń dá ní Ìsàn láti kékeré.

Ó ń gun ọ̀pẹ rẹ̀ lọ báyìí, ó ń dá ẹmu láìmu ún. Lójú tirẹ̀, hóró òwúrọ̀ yẹn ló ń di òun lẹ́nu. Bí kò ti sí i lónìí, ó ń ṣe é bí ẹni tó fi ilé sílẹ̀ láìtilẹ̀kùn.

Ó dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ọjà, ó bá a ní títì. Obìnrin kan tó ń gbọ́lẹ̀ ní iwájú ibẹ̀ ní Nọ́ọ̀sì Elizabeth ti lọ sí Ọ̀yẹ́ nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, ọ̀sán ni yóò dé. Kọ́ládé jókòó, ó dìde. Ó yí ilé náà po, ó tún padà wá jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé ẹmu Òjó.

Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni Òjó, òun ló sì ń bá a ta ẹmu. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni Kọ́ládé ti gbé ẹmu ọjọ́ náà wá fún un.

"Mo ti ń múra láti wá ọ lọ," Òjó wí. "Bàbá Ayọ̀túndé ń kan òrùlé ilé tí ọmọ rẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn ń kọ́ síbí. Ó fẹ́ gbogbo ẹmu tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ ni kí o gbé e wá, kí o sì tọ́ ọ wò."

"Ṣebí ìwọ lo máa ń bá mi tọ́ ọ wò."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹlẹ́mu tó ń sá fún ẹmu ara rẹ̀, kí ló rí níbẹ̀?"

Bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ mu ahá kan lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ọwọ́ ìkà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Kọ́ládé kò ti mu mọ́ ni àwọn oníbàárà ti ń yẹra díẹ̀díẹ̀.

"Fítámìn mi ló tán," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Òjó rẹ́rìn-ín. "Ṣé fítámìn B yẹn? Òun ló kún inú ẹmu yìí fọ́fọ́. Àwọn tíṣà tó ń mu níbí ló sọ ọ́. Kí nìdí tí a fi ń fún ìyá ọlọ́mọ lẹ́mu kí omi ọmú rẹ̀ lè pọ̀? Ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ọtí, Kọ́ládé. Omi ọ̀pẹ ni."

"Dókítà ní ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu mi."

"Dókítà yẹn gun ọ̀pẹ rí?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kúrò nínú Kọ́ládé títí wọ́n fi gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu dé ibi ilé náà.

Àwọn káfíńtà ti wà lókè, ìró páànù ń dún gbàgà gbàgà. Bàbá Ayọ̀túndé jókòó lórí pákó tó kù nílẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá."

"O ò, Kọ́ládé. A gbọ́ pé o ti di wòlíì."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbàdúrà sí i ná," ẹnì kan kígbe láti orí òrùlé, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Ayọ̀túndé kò rẹ́rìn-ín. "N kò bá ọ jà. Bàbá rẹ a máa mu ún kó tó bù fún bàbá mi. Bí o kò bá lè mu ún, gbé e padà sí ulé. N kò níí fi ohun tí ẹlẹ́mu ń bẹ̀rù fún ọmọ ọlọ́mọ tó wà lókè yẹn."

Kọ́ládé wo ẹmu tó ń hó lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Ahá kan péré. Oògùn àárọ̀ kò tíì wọ ikùn rẹ̀, èyí yóò sì rọ́pò rẹ̀. Ó bù ú, ó gbé e mu. Ó dùn, ó tutù, ìfófòó rẹ̀ kan imú rẹ̀ bí ìgbà àtijọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni Òjó wí. Bàbá Ayọ̀túndé gba ahá tirẹ̀, ó mu ún, ó mi orí pé ó dára. Àwọn káfíńtà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń na ife. Kò sí ẹni tó tún wo Kọ́ládé.

Ìgbà náà ló rí i pé ahá tó wà lọ́wọ́ òun ti tún kún.

Kò mọ ìgbà tó bù ú. Kò sí ẹni tó ní kó bù ú. Ẹyọ kan ni àwọn bàbá wọn ní kí ẹlẹ́mu mu. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti àṣà, ó jẹ́ ti Bàbá Ayọ̀túndé, ó jẹ́ ti fítámìn. Èkejì yìí kò ní orúkọ tí ó lè pè é, ó sì ti dé ètè rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó na ahá náà sí káfíńtà tó sún mọ́ ọn jù, ó sì yí padà láìdúró de Òjó.

Nọ́ọ̀sì Elizabeth ti dé. Ó ní kí Kọ́ládé jókòó, kò jókòó.

"Ẹ gbà mí, sista. Ṣé òótọ́ ni pé fítámìn wà nínú ẹmu?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Kò bá a wí. "Ó wà níbẹ̀ díẹ̀, Bàbá Ṣèyí. Ṣùgbọ́n ọtí tó bá a wọlé kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Agbè tó lu lẹ ń pọnmi sí. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: fítámìn kì í wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ó kàn ń ran ara lọ́wọ́ ni. Àìmu yín ló ń fún ẹ̀dọ̀ náà láyè."

"Ahá kan ni mo mu."

"Ẹ padà sí Ìdó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá dúró lórí ahá kan yẹn, ó sàn ju bí ẹ bá ń bá a lọ."

Ó da hóró tuntun sínú ike fún un. Kọ́ládé gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò pé nǹkan yìí ló ń di òun lẹ́nu. Nígbà tó na ahá kejì yẹn sí káfíńtà, kò sí hóró kankan nínú ikùn rẹ̀.

Kí oòrùn ó tó wọ̀, ó kó igbà, àáké àti àwọn akèrègbè rẹ̀ lọ bá Òjó, ó ní bí òun bá ń gbé ẹmu, wọn yóò máa ní kí òun tọ́ ọ wò, kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa gun àwọn ọ̀pẹ náà. Òjó kò bi í ní ìdí. Ó ní Bàbá Ayọ̀túndé gbádùn ẹmu náà, ó sì kọjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀.

Bí iṣẹ́ tí bàbá Kọ́ládé kọ́ ọ ṣe parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Òjó kò sì yà sí ilé rẹ̀ mọ́.