Ìyẹ́ Òsì Àwòdì

Mo ti yẹ ohun ìṣeré tó lé ní irinwó wò níwájú kámẹ́rà, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n rí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, báírò lásán, mi ò lè mú un dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi fún yín, kí ẹ má baà rò pé eré ọmọdé ni mo ń ṣe kiri. Àwọn àgbàlagbà kan wà láyé yìí tí wọ́n ń kó róbọ́ọ̀tì jọ, irú èyí tí èèyàn á yí lápá, á yí lẹ́sẹ̀, tí á sì di mọ́tò tàbí bàálù. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Ọkọ àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí òun náà fi ní méjì. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní èyí tó ti pẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Màá tan kámẹ́rà, màá yí nǹkan náà padà láti róbọ́ọ̀tì sí bàálù láìgé ibì kankan nínú fídíò. Àwọn èèyàn á máa wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wọn á sì máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà màá kọ káàdì.

Káàdì yẹn, èmi fúnra mi ni mo dá a sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ni ín? Kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀? Ta ló bà á jẹ́? Ta ló tún un ṣe? Inú páálí ohun ìṣeré náà ni káàdì yóò máa wà títí ayé. Mo máa ń fọ́nnu lójú gbogbo ayé pé ohun ìṣeré tó bá ní àpá lára, ẹni tó dá àpá yẹn sí i gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́ o. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọ̀gá mi ló ni ohun ìṣeré ọjọ́ náà. Mẹkáníìkì bàálù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ibi tí a ti ń tún ohun ìṣeré ṣe, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Òun ló sọ mí ní Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́, orúkọ tí gbogbo àwọn tó ń wò mí fi mọ̀ mí dòní. Róbọ́ọ̀tì tiẹ̀, bàálù ogun ló máa ń dà, pupa àti funfun, ó sì gùn tó ọwọ́ mi láti ìgúnpá dé orí ìka. Àwòdì ló ń pè é. Ó fẹ́ gbé e fún ilé kan tí wọ́n ti ń to ohun ìṣeré àtijọ́ kí ará ìlú lè máa wá wò ó, wọ́n sì ní àfi kí káàdì Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ wà nínú páálí rẹ̀.

Èmi ni mo ṣẹ́ ìyẹ́ òsì Àwòdì. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e mì.

Nígbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, a máa ń bá ara wa ta kàn-ń-gbọ̀n: ta ló lè di ojú kó yí róbọ́ọ̀tì padà láìṣe àṣìṣe? Mo ti ṣe gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì tán, ó wá ku Àwòdì tó wà nínú àpótí onígíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn, méjì péré ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo mú un. Mo di ojú. Àwòdì ní ọgbọ́n kan tó ń fẹ́: o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa igbá àyà rẹ̀ síwájú kí o tó ṣí ìyẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Mo gbọ́ tó dún kẹ́, ojú mi sì là. Mo dá a padà sínú àpótí, mo fi ìyẹ́ tó kán tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà síbi tó wà, mo lọ mu omi.

Nígbà tí Ọ̀gá rí i lọ́jọ́ kejì, kò bi mí léèrè rárá. Kọ́kọ́rọ́ méjì, èèyàn méjì. Òun àti ọmọ rẹ̀ sì ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ látìgbà tí ọmọ náà ti ní òun ò ṣe iṣẹ́ bàálù mọ́, ló bá gbà pé ó fi ìbínú ṣẹ́ ẹ ni. Ọmọ náà búra. Ó sunkún. Bàbá ní, "Jáde nílé mi, òpùrọ́!" Ọmọ náà sì jáde lóòótọ́, ó di ìlú mìíràn, kò padà wá mọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣa súkúrù sínú agolo, mi ò lanu. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá gbé Àwòdì lé mi lọ́wọ́ pé kí n tún un ṣe. Mo rẹ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́, mo fi ayùn irin fá a kó tín-ín-rín, mo fi ṣe pínnì tuntun fún oríkèé ìyẹ́ náà, mo sì lẹ ojú ibi tó ya pọ̀. Ọ̀gá dì mọ́ mi. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ ò ní kán láé."

Ẹ̀rù bà mí ni, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Mo rò pé á lé mi, iṣẹ́ yẹn nìkan sì ni mo mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo ti ń bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ọmọ náà létí mi, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ní pálọ̀ Ọ̀gá. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé fóònù sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo tan iná méjì sí i. Ọ̀gá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́, má gbé nǹkan yẹn sún mọ́ mi jù o. Imú mi máa ń tóbi nínú fóònù."

"Ọ̀gá, imú yín ò tóbi."

"O ò gbọ́n. Ìyá tó bí mi gan-an mọ̀ pé ó tóbi."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Mo ní, "Ọ̀gá, mo ní kí n bi yín. Ibi tí a ti máa ń kọ 'ta ló bà á jẹ́' yẹn, ṣé ká kàn fò ó lónìí? Ẹ̀yin lẹ ni ín, ta ni yóò bi yín?"

Ó wò mí láti òkè jígí ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí a ó fi fò ó? Ìwọ náà lo dá òfin sílẹ̀. Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo tan kámẹ́rà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti wọlé. Mo kí wọn, mo fi Ọ̀gá hàn wọ́n, wọ́n ń kọ "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o" ránṣẹ́, bàbá ń juwọ́ sí fóònù. Mo gbé Àwòdì dúró. Mo fi orí rẹ̀ hàn wọ́n, mo fi ìbọn kékeré méjì tó wà léjìká hàn wọ́n, mo ní ọ̀dà rẹ̀ ṣì dán, àwọn oríkèé rẹ̀ ṣì le. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n di ìdí bàálù. Apá ká wọ abẹ́. Orí rì wọ inú ọrùn, imú bàálù yọ síta, ó dún kán.

Mo fa igbá àyà síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí mo fà á.

Ìyẹ́ ọ̀tún ṣí. Mo fi àtàǹpàkò ti ìyẹ́ òsì. Pínnì sípóòkù tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́ han díẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ọ. Òógùn bọ́ láti iwájú orí mi sórí aṣọ funfun. Ìyẹ́ náà yí, ó yí, ó jókòó síbi tó yẹ. Àwòdì ti di bàálù. Àwọn èèyàn ń pariwo nínú ọ̀rọ̀ wọn, Ọ̀gá ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí kò rí i rí. Inú tèmi ò dùn, nítorí káàdì ló kàn.

Mo kọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Mo kọ ohun tó bàjẹ́: oríkèé ìyẹ́ òsì. Mo kọ ẹni tó tún un ṣe: èmi. Mo ti fo ọ̀kan, Ọ̀gá sì rí i.

"O fo ibì kan o." Ó kọjú sí kámẹ́rà. "Ọmọ mi obìnrin ló ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ ẹ tán, ó tún wo ojú mi parọ́. Irọ́ yẹn ló dùn mí ju ìyẹ́ lọ."

Háà! Àwọn tó ń wò wá bẹ̀rẹ̀ ariwo. "Ọmọ òde òní." "Ẹ forí jì í, Bàbá." "Irú ọmọ wo nìyẹn?" Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n ń bú u bọ̀ láti ibi gbogbo, báírò sì wà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí wọn. Ta ló bi wọ́n? Àfi bí mo ṣe rántí pé èmi ni mo pè wọ́n wá wòran.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan gòkè láàárín àwọn yòókù. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Páílọ́ọ̀tì. Orúkọ tí Ọ̀gá máa ń pe ọmọ rẹ̀ láti kékeré nìyẹn, nígbà tó ń gbé e lé èjìká sáré kiri àgbàlá.

Ọ̀gá na ìka. "Ka ìyẹn fún mi. Ojú mi ò gbé e."

Mo sún mọ́ fóònù. "Ó ní... 'Èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ, Bàbá.'"

Mo rò pé ojú rẹ̀ á rọ̀. Kò rọ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án, irọ́ yẹn náà ló ṣì ń pa! Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà, kó rí i."

Mo gbé báírò lé káàdì. Mo fẹ́ kọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, ọwọ́ mi ti fa ìlà àkọ́kọ́.

"Ọ̀gá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo di ojú, mo fẹ́ fi yangàn ni. Mi ò fa igbá àyà."

Ọ̀rọ̀ ń ya gòkè lójú fóònù, mi ò kà á. Mi ò dọ̀bálẹ̀, mi ò kúnlẹ̀.

"O ò fa igbá àyà," ló wí.

"Mi ò fà á, Ọ̀gá."

Ó gbé Àwòdì. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, ó fi èékánná tọ ipa ibi tó ti kán, ojú àpá tí mo lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ìyẹ́. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo na ọrùn kí n tó gbọ́.

"Ẹni tó bá fi ìbínú ṣẹ́ nǹkan, ìta ló máa ń ti ya wọlé. Èyí, inú ló ti ya síta. Igbá àyà ló dá a dúró." Ó gbé e kalẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo irin tó kán. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i, mo sì lé ọmọ mi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí ní Ọ̀gá lónìí. Kọ orúkọ ẹ."

Mo kọ ọ́. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìkọ̀wé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ó fa káàdì lọ́wọ́ mi, ó gba báírò. Lábẹ́ orúkọ mi, níbi tí mi ò fa ìlà kankan sí, ó kọ tiẹ̀. Ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Mo kà á bó ṣe ń jáde: Bàbá Páílọ́ọ̀tì rí i pé ọmọ òun kọ́ ló ṣẹ́ ẹ, ó sì lé e jáde nítorí agídí.

Ó kọjú káàdì náà sí kámẹ́rà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń wò wá báyìí, wọ́n dẹ́kun ọ̀rọ̀, ojú fóònù dúró jẹ́ẹ́. Mo ń wo ibẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run. Káàdì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Mo na ọwọ́ láti bá a di ìgúnpá mú, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Ọ̀rọ̀ kan gòkè. Páílọ́ọ̀tì ni. Mo kà á sókè kó tó ní kí n kà á.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i, Bàbá. Mi ò rí i kà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè.