Ẹja Aláràbarà Tinúọlá

Nígbà tí Tinúọlá kú, akọ kan àti abo kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ẹja rẹ̀, abo náà sì ti ń darúgbó. Bàbá Kọ́ládé, ọkọ rẹ̀, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Irú ẹja kékeré bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Bí ẹyin abo yìí kò bá pa, ìran tí ìyàwó rẹ̀ ti ń sìn bọ̀ láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pin nìyẹn.

Odò kékeré kan lójú ọ̀nà Ààyè ni Tinúọlá ti fi asẹ́ gbọ́n wọn. Ó gbé wọn wá sí Ayébọ̀dé, ó dà wọ́n sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Àwọn aládùúgbò fi í rẹ́rìn-ín.

“Ẹja tí kò tó ìka, tí a kì í sè, tí a kì í yan! Ìyá Kọ́ládé, ṣé ojú lẹ fi ń jẹ ẹ́ ni?”

“Ojú ni. Ẹ wá bá mi jẹ.”

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì wọ́n kì í tètè dìde. Ara akọ rẹ̀ dúdú bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, àmì pupa wínníwínní wà ní ìhà rẹ̀, etí ìrù rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ó bá rí abo, a na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, a máa gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tí agbádá kò tíì mọ́ lára.

Òwú wúlù ni abo ń yé sí. Tinúọlá a so òwú náà mọ́ kọ́ọ̀kì kí ó lè léfòó, a sì máa fi dígí tí í mú nǹkan kékeré tóbi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin kò tóbi ju yanrìn lọ, ó mọ́ gaara. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ṣà wọ́n sínú abọ́ ọ̀tọ̀, nítorí bàbá wọn kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí oúnjẹ.

Gbogbo èyí ni Bàbá Kọ́ládé ṣe, bí ó ti rí i tí obìnrin náà ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹyin ń funfun, èébu ń bò wọ́n.

Àgbẹ̀ kì í jókòó kí ẹ̀bù iṣu jẹrà lójú rẹ̀. Bí a bá gé e, eérú la fi ń ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Baba rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ó bu eérú nídìí àdògán, ó kù ú kúnná, ó wọ́n ọn sínú abọ́ ẹyin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ẹyọ kan tó mọ́ gaara mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Àníkẹ́, àbúrò Tinúọlá, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìkọ̀lé, wá kí i. Ó bẹjú wo abọ́ náà.

“Eérú? Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ fẹ́ kọ ebè fún wọn ni?”

“Má fi mí ṣẹ̀sín, Àníkẹ́. Wọ́n ń rà ni.”

“Mi ò fi yín ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá ti ta wọ́n sórí ọ̀pá, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wa wọ́n.” Ó rí ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí àpótí. “Omi yìí ṣe mọ́ tó báyìí?”

“Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí omi mọ́.”

“Omi ẹ̀gbọ́n mi kì í mọ́. Bíi tíì tí kò ní mílíìkì ló ń rí. Mo tilẹ̀ máa ń bá a jà sí i. Ewé wà nísàlẹ̀ rẹ̀.”

Ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, nígbà tí àlejò yóò kún ilé, ni Bàbá Kọ́ládé fúnra rẹ̀ da omi pupa náà nù, tí ó gbá ewé rẹ̀ sí ààtàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé obìnrin náà fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ ló pè é.

“Ewé furúùtù ni,” ó wí. “Ọgbà ilé-ìwé ló ti ń ṣà á.”

Àwọn méjèèjì lọ ṣà á, èyí tó ti gbẹ tó sì ti já bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n rẹ ẹ́ títí omi fi pọ́n, wọ́n sì dà á sínú àpótí àti sínú abọ́ tí wọ́n ti fọ̀. Abo náà tún yé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó wá ku akọ àti ẹyin inú abọ́ náà nìkan.

Èébu kò bò wọ́n. Lówùúrọ̀ kan, Bàbá Kọ́ládé gbé dígí lé abọ́, ó rí i tí ojú méjì ń wò ó láti inú ẹyin kan, òrùka bíi wúrà yí wọn ká. Ó pẹ́ kí ó tó gbé dígí kúrò. Ohun tó kéré tó yẹn, Ọlọ́run kò fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣeré!

Nígbà tí Àníkẹ́ padà wá, ó bá a tó ń fọ́ pupa ẹyin adìẹ sísè sórí omi. Àwọn ohun tín-ín-rín bí ẹ̀gún, tí wọ́n ní ojú, ń já a jẹ.

“Wọ́n ti pa! Mélòó ni, Bùọ̀dá?”

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Ta wá ni ọlọ́mọ?”

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ni,” ó wí. Ó rọra fa abọ́ náà kúrò lójú oòrùn, nítorí omi ti ń gbóná.